Káàdì Ọmọdé Tí Ó Di Iyebíye

Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni ó ń níyì. Ní ọdún 1952, ilé-iṣẹ́ Topps ní Amẹ́ríkà ń ta ṣingọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọdé pẹ̀lú káàdì tí ó ní àwòrán àwọn agbá-béèsìbọ́ọ̀lù. Apá ìkẹyìn káàdì wọ̀nyí pẹ́ dé ọjà, kò sì tà. Sy Berger, tí ó ṣe ètò wọn, ròyìn pé ní ọdún 1960 a kó èyí tí ó kù dà sínú òkun. Káàdì Mickey Mantle wà nínú wọn.

Ní ọdún 2022, ẹyọ kan nínú káàdì Mantle náà, tí a tọ́jú dáradára, mú 12.6 mílíọ̀nù dọ́là wá ní gbàǹjo. Èyí tí ó rì ni ó sọ ìyókù di ọ̀wọ́n. Ẹ̀yin òbí, kì í ṣe gbogbo ohun àtijọ́ ni ó níye lórí. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó dà á nù, ẹ tún un wò.