Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà ilé wa la fẹ́ sọ lónìí. Bí ìyá àgbà bá ń béèrè ohun kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, tó lọ sọ́jà tí kò mọ ọ̀nà ilé mọ́, tó ń fi orúkọ ẹni tó ti kú pe ọmọ rẹ̀, kí là ń sọ? Àwọn kan á ní ó ń ṣarán. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń dà á láàmú. Àwọn kan tilẹ̀ lè ní àjẹ́ ni ìyá náà, pé ó ti ń fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń fìyà jẹ ẹni tí àìsàn ń ṣe.

Àìsàn ni lóòótọ́, inú ọpọlọ ló sì wà. Sẹ́ẹ̀lì tó ń gbé iṣẹ́ kiri nínú ọpọlọ èèyàn tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 86. Àlàfo tín-ín-rín ló wà láàrin ọ̀kan àti èkejì. Ibi tí méjì ti pàdé yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní synapse. Ẹ jẹ́ ká pè é ní oríta. Oríta yìí ni sẹ́ẹ̀lì kan ti ń ránṣẹ́ sí èkejì. Purotéènì kan tó ń jẹ́ synaptophysin wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń ránṣẹ́; òmíràn, PSD-95, wà lọ́dọ̀ ẹni tó ń gba iṣẹ́. Bí wọ́n bá ń dínkù, a jẹ́ pé oríta ń bàjẹ́ nìyẹn. Lọ́dún 1991, Robert Terry àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà fi hàn pé bí oríta ṣe ń pòórá tó ni òye aláìsàn Alzheimer ṣe ń lọ tó.

Báwo wá ni wọ́n ṣe ń rí ohun tí ojú lásán kò lè rí? Antibody ni wọ́n ń lò. Antibody ni ọmọ ogun tí ara ń ṣe láti bá àrùn jà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ohun tó ń dì mọ́, bí kọ́kọ́rọ́ àti àgádágodo rẹ̀. Wọ́n á fi purotéènì tí wọ́n ń wá gún ehoro tàbí eku lábẹ́rẹ́, ara ẹranko náà á sì ṣe ọmọ ogun tó mọ̀ ọ́n. Lọ́dún 1975, Georges Köhler àti César Milstein rí ọ̀nà láti máa ṣe irú kan ṣoṣo lọ́pọ̀ yanturu ní Cambridge. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 1984.

Wọ́n á gé ọpọlọ tí wọ́n ti fi fọ́málínì tọ́jú sí pẹlẹbẹ tín-ín-rín, wọ́n á da antibody lé e, wọ́n á fi àwọ̀ sí i. Ibi tí àwọ̀ bá ti yọ lábẹ́ maikirosíkóòpù ni purotéènì náà wà. Ṣùgbọ́n antibody mìíràn a máa dì mọ́ ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Wọ́n sì tún máa ń ya pẹlẹbẹ kan sọ́tọ̀ tí wọn kò ní da antibody náà sí. Bí àwọ̀ bá yọ níbẹ̀ náà, irọ́ ni. Ó sì ń fẹ́ fìríìjì. Bí iná bá lọ tí kò tètè dé, owó ti wọgbó.

Kí ló kàn wá nínú rẹ̀? Lọ́dún 2001, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Ìbàdàn àti Indianapolis fi hàn pé nínú 100 àgbà Yorùbá, 1.35 ni àìsàn ìgbàgbé yìí ń mú lọ́dún kan. Láàrin àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, 3.24 ni. Láti mọ ìdí rẹ̀, ó di dandan kí wọ́n yẹ ọpọlọ àwọn èèyàn tiwa wò. Olóògbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Kayode Osuntokun ti bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí ní Ìbàdàn kó tó kú lọ́dún 1995. Ọ̀jọ̀gbọ́n Rufus Akinyemi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ti dá ibi ìtọ́jú ọpọlọ fún ìwádìí sílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n kéde rẹ̀ lọ́dún 2019 pé irú rẹ̀ àkọ́kọ́ nìyẹn ní ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà.

A mọ̀ pé àwa tí a ń gbé òkú èèyàn wa láti Zaria lọ sí Ọ̀fà tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, a fẹ́ kí òkú pé. Kò sẹ́ni tó lè fi tipá mú wa. Àṣẹ mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ń gbà. Ṣùgbọ́n bí kò bá sí ọpọlọ tiwa nínú ìwádìí, ọpọlọ ẹlòmíràn ni wọn yóò máa fi ṣe oògùn wa.

Èyí tó wà lọ́wọ́ wa lónìí nìyí: bí àgbà bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbàgbé, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù, yálà ti Yunifásítì Ahmadu Bello ní Ṣíkà tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín. Ìgbàgbé mìíràn wà tó jẹ́ àìtó fítámì B12, àìsàn táírọ́ìdì, ìbànújẹ́ ọkàn tàbí oògùn tí àgbà náà ń lò ló fà á. Ìwọ̀nyí ní ìtọ́jú. Ẹni tó bá sì ti pè é ní àjẹ́ kò ní gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà láéláé.