Ọ̀nà Tí Igbákejì Akọ́nimọ̀ọ́gbá Ń Tọ̀

Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àfẹsẹ̀gbá ni a fẹ́ yẹ̀ wò lálẹ́ òní, ṣùgbọ́n kì í ṣe ti agbábọ́ọ̀lù tí gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún. Ti ẹni tí ó jókòó ti ọ̀gá lẹ́bàá pápá ni, ẹni tí ó ń ka bọ́ọ̀lù sínú àpò, tí ó sì ń kọ orúkọ àwọn tí kò wá sí ìdánrawò. Igbákejì akọ́nimọ̀ọ́gbá ni à ń pè é. Níbo ni ọ̀nà rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀? Níbo ni ó sì lè gbé e dé?

Ní agbègbè omi Ìlàjẹ, láti Igbókòdá títí dé Ayétòrò, ọmọ kì í ṣàdédé di atukọ̀. Iwájú ni yóò kọ́kọ́ jókòó, tí yóò máa fi àjẹ̀ wa omi, nígbà tí bàbá rẹ̀ ń darí ọkọ̀ láti ẹ̀yìn. Kò tíì ní àṣẹ lórí ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ó ti ń mọ ìgbà tí omi ń kún àti ìgbà tí ó ń fà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ipò igbákejì rí.

Iṣẹ́ mẹ́ta pàtàkì ni ó wà lọ́rùn rẹ̀. Èkíní, òun ni ó ń tọ́jú ìdánrawò: yóò pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́, yóò sì rí i pé ẹni tí ara rẹ̀ kò dá kò sáré ju bí ó ti yẹ lọ. Èkejì, yóò máa ṣọ́ bí ikọ̀ alátakò ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù, yóò sì kọ ohun tí ó rí sílẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ó ṣòro jù: òun ni alárinà. Ohun tí agbábọ́ọ̀lù kò lè sọ lójú ọ̀gá, etí igbákejì ni yóò sọ ọ́ sí. Ó gbọ́dọ̀ mọ èyí tí yóò gbé dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá àti èyí tí yóò pa mọ́ sínú.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé ẹni tí ó bá ti gbá bọ́ọ̀lù rí nìkan ni iṣẹ́ yìí wà fún. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Adégbóyè Onígbìndé, ọmọ bíbí Mọdákẹ́kẹ́, olùkọ́ ni kí ó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní ọdún 1984, ó mú ikọ̀ Nàìjíríà dé àṣekágbá Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà, kí Kamẹrúùnù tó fi àmì ayò 3 sí 1 borí wọn. Ní ọdún yẹn kan náà ni ó mú Shooting Stars ti Ìbàdàn dé àṣekágbá ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tó gba liigi ní Áfíríkà. Ẹni tí ó mọ bí a ti ń kọ́ ọmọ ní kíláàsì ti ní ìdajì ohun èlò iṣẹ́ náà lọ́wọ́.

Ní ti kí igbákejì di ọ̀gá, ẹ wo Bonfrere Jo, ará Nẹ́dálándì. Abẹ́ Clemens Westerhof ni ó ti ṣiṣẹ́ nígbà tí Nàìjíríà gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní ọdún 1994. Ní ọdún 1996, òun fúnra rẹ̀ ni ó darí ikọ̀ tí ó gba wúrà Òlíḿpíìkì ní Atlanta, lẹ́yìn tí wọ́n ti borí Bùràsíìlì pẹ̀lú àmì ayò 4 sí 3, àti Ajẹntínà pẹ̀lú 3 sí 2.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà ní ẹ̀gún. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, kì í ṣe atukọ̀ nìkan ni omi ń gbé. Stephen Keshi, tí ó jẹ́ balógun ikọ̀ wa ní 1994, ni igbákejì Amodu Shaibu nígbà tí Nàìjíríà yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti ọdún 2002. Ipò kẹta ni wọ́n ṣe ní Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà ní Màlì lọ́dún náà. Wọ́n sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá àti igbákejì pọ̀. Onígbìndé ni ó kó ikọ̀ lọ sí Kòríà àti Jàpáánì. Keshi kò jókòó sunkún. Ó lọ sí Tógò, ó sì mú wọn yege fún Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ti 2006, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹlòmíràn ni ó kó wọn lọ sí Jámánì. Ní ọdún 2013, ó gba Ife Ẹ̀yẹ Áfíríkà fún Nàìjíríà gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá pátápátá. Kí ó tó kú ní 2016, ó ti fi hàn pé lílé kúrò lẹ́nu iṣẹ́ kì í ṣe òpin iṣẹ́.

Kí wá ni akẹ́kọ̀ọ́ tí ó fẹ́ tọ ọ̀nà yìí yóò ṣe? Kí ó má ṣe fi ìwé sílẹ̀. Iṣẹ́ olùkọ́ ni ilé tí yóò padà sí ní ọjọ́ tí wọ́n bá lé ọ̀gá rẹ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó wá ẹ̀kọ́ iṣẹ́ náà gan-an: iléeṣẹ́ ẹ̀kọ́ eré ìdárayá ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Sùúrùlérè, ní Èkó, àjọ CAF sì ní ìwé-àṣẹ tí ó ń gòkè láti D, sí C, sí B, títí dé A àti èyí tí ó ga jù ú lọ. Ìdíje àwọn yunifásítì, NUGA, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1966, jẹ́ ibi tí ojú ti lè rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́ ní agbègbè omi, ọwọ́ yín ni ó kù sí. Òkun ti gbé ọ̀pọ̀ ilé lọ ní Ayétòrò, ìlú tí a dá sílẹ̀ ní 1947. Níbi tí òkun ti ń gba ilẹ̀, pápá ìṣeré kì í pẹ́ bá a lọ. Ṣùgbọ́n òkun kò lè gbé ìmọ̀ lọ. Ẹ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan mọ́ra, ẹ fún un ní fèrè àti ìwé àkọsílẹ̀, kí ẹ sì ṣàlàyé ìdí gbogbo ohun tí ẹ bá ṣe fún un. Ẹni tí a bá ń rán níṣẹ́ lásán, ìránṣẹ́ ni yóò dà. Ẹni tí a bá ń kọ́ ní ìdí iṣẹ́, ọ̀gá ni yóò dà lọ́la.