Bí àdúgbò ọlọ́tí Golden Gai ṣe bọ́ lọ́wọ́ àwọn ajagungbalẹ̀ nílùú Tokyo

Ẹni tó bá dé agbègbè Shinjuku nílùú Tokyo, olú-ìlú orílẹ̀-èdè Japan, lálẹ́, àwọn ilé gogoro tí iná mèremère bò láti òkè délẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rí. Ṣùgbọ́n láàárín wọn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojúbọ ẹ̀sìn ìbílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hanazono, àdúgbò kékeré kan wà tó ń jẹ́ Golden Gai. Ọ̀nà tóóró mẹ́fà péré ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ ilé ọtí tó wà nínú wọn lé ní 200. Pákó ni wọ́n fi kọ́ púpọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn kò sì gbà ju èèyàn mẹ́fà sí mẹ́wàá lọ.

Ogun Àgbáyé Kejì ló bí àdúgbò náà. Nígbà tí ogun parí lọ́dún 1945, ebi ń pa aráàlú, ọjà fàyàwọ́ sì gbilẹ̀ nítòsí ibùdókọ̀ ojú irin Shinjuku. Lọ́dún 1949, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ òkèèrè tí Amẹ́ríkà ṣáájú wọn, tó ń ṣàkóso Japan nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n kó àwọn ìsọ̀ ojú títì kúrò. Ibi tí wọ́n kó díẹ̀ nínú àwọn oníṣòwò náà lọ ló di Golden Gai. Wọ́n ń ta ọtí níbẹ̀, wọ́n sì ń ṣe òwò aṣẹ́wó láìgba ìwé àṣẹ. Nígbà tí òfin tó ka òwò náà léèwọ̀ múlẹ̀ pátápátá lọ́dún 1958, ọtí nìkan ló kù. Àwọn òǹkọ̀wé, akọ̀ròyìn, òṣèré àtàwọn tó ń ṣe fíìmù bá sọ ibẹ̀ di ibùjókòó wọn.

Ní apá ìparí àwọn ọdún 1980 ni ewu ńlá dé. Owó ilẹ̀ gbẹ́nu sókè ní Tokyo, àwọn olówó sì fẹ́ wó gbogbo àdúgbò náà kí wọ́n lè kọ́ ilé gogoro síbẹ̀. Àwọn ajagungbalẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi owó àti ìhàlẹ̀ lé èèyàn kúrò, iná sì ń ṣẹ́ yọ lọ́nà tó mú ìfura dání. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà: àwọn ọlọ́tí àti oníbàárà wọn pín ara wọn, wọ́n ń ṣọ́ àdúgbò náà lóru. Ohun mìíràn tó gbà wọ́n ni pé ilẹ̀ náà kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó pín yẹ́lẹyẹ̀lẹ sọ́wọ́ ọ̀pọ̀ onílé, kò sì rọrùn láti rà á pọ̀. Nígbà tí owó ilẹ̀ já wálẹ̀ láwọn ọdún 1990, ọwọ́ àwọn tó fẹ́ rà á rọ.

Síbẹ̀, ewu kò tán. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, iná jó àwọn ṣọ́ọ̀bù kan níbẹ̀, nítorí ilé pákó tó fara kan ara kì í pẹ́ ràn. Àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ náà ti pọ̀ gan-an báyìí. Ọ̀pọ̀ ilé ọtí ń gba owó ìjókòó yàtọ̀ sí owó ọtí, àwọn kan sì ń gba kìkì oníbàárà tí wọ́n mọ̀. Bí àga kò bá ju mẹ́fà lọ, ẹni tó mu ife kan ṣoṣo tó sì jókòó di ọ̀gànjọ́ ti jẹ nínú èrè ọlọ́jà. Àlejò tó bá fẹ́ lọ, kó kọ́kọ́ ka àkọlé ẹnu ọ̀nà kó tó wọlé, kó sì tọrọ àyè kó tó ya fọ́tò.