Síso Tábúlẹ́ẹ̀tì Pọ̀ Mọ́ Dùùrù Dígítà

Ọ̀pọ̀ dùùrù dígítà tó wà nínú ilé àti nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa ló ní ihò kékeré kan lẹ́yìn tí ẹnikẹ́ni kò tíì ki nǹkan bọ̀ rí. Ihò yìí ni dùùrù fi ń bá tábúlẹ́ẹ̀tì sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá mọ ìlò rẹ̀ yóò rí nóòtì orin lójú tábúlẹ́ẹ̀tì bí ó ti ń tẹ̀ ẹ́, áàpù ẹ̀kọ́ yóò máa sọ fún un bóyá kíì tó tẹ̀ tọ̀nà, yóò lè gba orin rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì lè lo ohùn ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ tí dùùrù rẹ̀ kò ní. A kọ àlàyé yìí fún ẹni tó ń kọ́ dùùrù nílé, fún òbí tó ra dùùrù fún ọmọ, àti fún àwọn tó ń tẹ dùùrù fún ẹgbẹ́ akọrin.

Kókó kan ni kí ẹ dì mú ṣinṣin: ohun tó ń gba inú wáyà tó so dùùrù mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì kọjá kì í ṣe ohùn. Ìròyìn ni, nípa kíì tí a tẹ̀ àti bí a ṣe tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá mọ èyí yóò mọ wáyà tó yẹ kó rà, yóò sì mọ ibi tó yẹ kó wò bí nǹkan kò bá dún.

Ohun tó ń gba inú wáyà kọjá

MIDI ni orúkọ èdè tí dùùrù àti tábúlẹ́ẹ̀tì fi ń gbọ́ ara wọn yé. Bí ìka bá tẹ kíì kan, dùùrù yóò fi nọ́ńbà mẹ́ta ránṣẹ́. Èyí àkọ́kọ́ ń kéde pé a ti tẹ kíì, ó sì ń sọ èwo nínú ọ̀nà 16 tí MIDI ní ni ìròyìn náà ń gbà. Èyí èkejì ń dárúkọ kíì náà. Èyí ẹ̀kẹta ń sọ bí ọwọ́ ṣe le tó, láti 1 títí dé 127. Bí ìka bá kúrò, ìròyìn mìíràn yóò tẹ̀lé e. Lórí dùùrù tó ní kíì 88, kíì tó wà ní ìpẹ̀kun òsì ń jẹ́ 21, ti ìpẹ̀kun ọ̀tún ń jẹ́ 108, C tó wà láàárín sì ń jẹ́ 60. Pẹ́dàlì tó ń mú kí ohùn pẹ́ nílẹ̀ náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, 64.

Bí àrokò ayé àtijọ́ ló rí: owó ẹyọ tí a so pọ̀ kì í sọ̀rọ̀, ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí ló ń túmọ̀ rẹ̀. Tábúlẹ́ẹ̀tì lè túmọ̀ 60 sí ohùn dùùrù tàbí sí ohùn fèrè. Ó sì lè fi àmì nóòtì hàn lójú rẹ̀ láìdún rárá.

Nítorí pé nọ́ńbà lásán ni, ààyè tó ń gbà kéré gan-an. Orin ìṣẹ́jú kan tí a gbà sílẹ̀ bíi ti CD ń gba nǹkan bíi mẹ́gábáìtì 10. Nóòtì ẹgbẹ̀rún kan nínú MIDI, àti títẹ̀ àti gbígbé ọwọ́ kúrò, jẹ́ báìtì 6,000 péré ká tó fi àkókò wọn kún un. Ẹ lè mú kí orin tí ẹ gbà sílẹ̀ báyìí falẹ̀ dé ìdajì láìjẹ́ pé ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀, ẹ sì lè tún nóòtì kan ṣoṣo tó ṣì ṣe láì tẹ gbogbo orin náà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àwọn ọdún tó yẹ ní mímọ̀

1981: Dave Smith, olùdásílẹ̀ ilé-iṣẹ́ Sequential Circuits ní Kalifóníà, gbé àbá kalẹ̀ fún èdè kan tí gbogbo irinṣẹ́ orin oníná yóò máa sọ. Ikutaro Kakehashi, olùdásílẹ̀ Roland ní ilẹ̀ Japan, ti ń lépa ohun kan náà. Ṣáájú àkókò yìí, irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kan kì í sábà gbọ́ ti òmíràn.

1983: Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, níbi ìpàtẹ irinṣẹ́ orin NAMM ní Anaheim, wọ́n so Prophet-600 ti Sequential Circuits mọ́ Jupiter-6 ti Roland, èkíní sì mú kí èkejì dún lójú gbogbo ènìyàn. Wọ́n tẹ ìlànà MIDI jáde ní oṣù Ògún ọdún náà.

1996: Ìlànà USB àkọ́kọ́ jáde.

1999: Wọ́n fọwọ́ sí ìlànà tó jẹ́ kí MIDI lè gba inú USB kọjá.

2010: iPad àkọ́kọ́ jáde. Kí ọdún tó parí, iOS 4.2 jẹ́ kó lè gbọ́ MIDI.

2013: Smith àti Kakehashi gba ẹ̀bùn Grammy ti ìmọ̀ ẹ̀rọ. Kakehashi kú ní 2017, Smith kú ní 2022.

2014: Apple fi MIDI orí Bluetooth sínú iOS 8.

2015: Android 6.0 fún gbogbo áàpù láǹfààní láti bá irinṣẹ́ MIDI sọ̀rọ̀. Ní ọdún yìí kan náà, MIDI orí Bluetooth di ìlànà gbogbo ilé-iṣẹ́.

2020: A kéde MIDI 2.0. Dùùrù àtijọ́ kò di aláìwúlò, nítorí a ṣe ti tuntun kó lè gbọ́ ti àtijọ́.

Ẹ wo ihò dáadáa kí ẹ tó ra wáyà

Ẹ yí dùùrù padà kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ihò tí ẹ ń wá ni èyí tí a kọ USB TO HOST sí lára. Lórí púpọ̀ nínú àwọn dùùrù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ní igun mẹ́rin dọ́gba bíi ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kọ̀ǹpútà. USB irú B ni. Àwọn dùùrù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan ń lo ihò kékeré bíi ti fóònù àtijọ́.

Ihò kan tún wà tí a ń kọ USB TO DEVICE sí lára, tó rí pẹlẹbẹ. Fíláàṣì la ń ki bọ ìyẹn. Ẹni tó bá so tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ ọn yóò jókòó títí, nǹkan kan kò ní ṣẹlẹ̀, torí pé inú ihò náà dùùrù ni ọ̀gá, bẹ́ẹ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì náà fẹ́ jẹ́ ọ̀gá.

Bí dùùrù yín bá ti pẹ́ tí kò ní USB, ẹ wá ihò róbótó méjì tó ní ojú márùn-ún, MIDI IN àti MIDI OUT. Ẹ óò nílò ẹ̀rọ kékeré tó ń sọ MIDI di USB. Wáyà tó jáde láti OUT dùùrù ni kó wọ IN ẹ̀rọ náà, kí ti OUT ẹ̀rọ náà sì wọ IN dùùrù. Ihò róbótó yìí ń gbé bíìtì 31,250 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nítorí náà ìròyìn nóòtì kan kì í gbà ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ.

Wáyà tó bá tábúlẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan mu

*Tábúlẹ́ẹ̀tì oníhò USB-C*, ìyẹn púpọ̀ nínú Android tuntun, iPad Pro láti 2018, àti iPad ìran kẹwàá tó jáde ní 2022: wáyà kan tó ní C lápá kan àti B lápá kejì ti tó.

*iPad oníhò Lightning*: ẹ nílò ìsopọ̀ tí Apple ń pè ní Lightning to USB 3 Camera Adapter, kí ẹ wá ki wáyà USB lásán bọ̀ ọ́. Ìsopọ̀ yìí ní ihò mìíràn tí ṣájà lè wọ̀, èyí tó ṣe pàtàkì fún ẹni tó bá fẹ́ lò ó fún ìsìn wákàtí mẹ́ta.

*Android oníhò micro-USB*: ẹ nílò wáyà OTG kékeré. Òun ló ń sọ fún tábúlẹ́ẹ̀tì pé òun ni ọ̀gá nínú ìsopọ̀ náà.

Wáyà mìíràn wà tó jẹ́ pé iná nìkan ló lè gbé. Ó lè fún tábúlẹ́ẹ̀tì lágbára, àmọ́ ìròyìn kankan kò ní gba inú rẹ̀ kọjá. Ẹ má sì ra wáyà USB tó gùn ju mítà 5 lọ.

Bí a ṣe ń so ó

1. Ẹ pa dùùrù, kí ẹ ti gbogbo áàpù lórí tábúlẹ́ẹ̀tì.
2. Ẹ so wáyà mọ́ dùùrù lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà mọ́ tábúlẹ́ẹ̀tì.
3. Ẹ tan dùùrù.
4. Ẹ ṣí áàpù tí ẹ fẹ́ lò. GarageBand lórí iPad máa ń mọ dùùrù fúnra rẹ̀. Nínú àwọn áàpù ẹ̀kọ́ bíi Simply Piano tàbí flowkey, ẹ wọ Settings kí ẹ yan MIDI dípò makirofóònù.
5. Ẹ tẹ C àárín. Bí áàpù bá fi hàn pé ó gbọ́, iṣẹ́ parí.

Áàpù tó ń fi makirofóònù gbọ́ dùùrù lè ṣi nóòtì gbọ́ bí ọmọ bá ń sunkún, tàbí bí jẹnẹrétọ̀ bá ń dún níta. MIDI kì í gbọ́ ariwo. Èyí nìkan tó ìdí fún òbí láti ra wáyà fún ọmọ tó ń kọ́ dùùrù nínú ilé èrò.

Síso rẹ̀ láìlo wáyà

Dùùrù kan lè ní Bluetooth oríṣi méjì. Bluetooth ti ohùn ń jẹ́ kí orin tábúlẹ́ẹ̀tì jáde nínú sípíkà dùùrù. Bluetooth ti MIDI ń gbé ìròyìn kíì lọ sínú tábúlẹ́ẹ̀tì. Dùùrù tó ní èkíní lè má ní èkejì, nítorí náà ẹ ka ìwé rẹ̀ kí ẹ tó sanwó.

Fún ti MIDI, ẹ má ṣe so ó láti inú Settings iPad. Inú áàpù orin náà gan-an ni kí ẹ ti wá a. Lórí Android 6 títí dé 11, ẹ gbọ́dọ̀ gba áàpù láyè láti mọ ibi tí ẹ wà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò ní rí dùùrù.

Bluetooth ti MIDI máa ń yá tó fún ìdánrawò. Àmọ́ ẹ má ṣe fi íyápíìsì Bluetooth gbọ́ ohùn áàpù nígbà tí ẹ bá ń tẹ dùùrù. Ìdádúró rẹ̀ sábà máa ń ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá lọ, ó sì ń da àkókò rú mọ́ ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Íyápíìsì oníwáyà ló dára jù.

Bí nǹkan bá kọ̀

*Áàpù gbọ́ kíì, ṣùgbọ́n kò sí ohùn.* Ìròyìn ti dé. Ìtumọ̀ ni kò jáde. Ẹ wo ohùn tábúlẹ́ẹ̀tì bóyá ó ti lọ sílẹ̀, ẹ sì wò bóyá ó ń gbé ohùn lọ sí sípíkà Bluetooth kan nínú yàrá kejì.

*Nóòtì ń dún lẹ́ẹ̀mejì.* Dùùrù àti tábúlẹ́ẹ̀tì jọ ń dún ni. Ẹ pa Local Control lórí dùùrù, ohùn ti tábúlẹ́ẹ̀tì nìkan ni yóò kù. Ẹ rántí tan án padà lẹ́yìn náà, kí ẹni tó bá tẹ̀lé yín má bàa rò pé dùùrù ti bàjẹ́.

*Ohùn áàpù kò jáde nínú sípíkà dùùrù.* Kò sí ohùn nínú MIDI. Ẹ fi wáyà ohùn so ihò íyápíìsì tábúlẹ́ẹ̀tì mọ́ AUX IN dùùrù. Àwọn dùùrù kan, bíi Yamaha P-125, lè gba ohùn pẹ̀lú ìròyìn nínú wáyà USB kan náà.

*Tábúlẹ́ẹ̀tì kò rí dùùrù rárá.* Ẹ pààrọ̀ wáyà lákọ̀ọ́kọ́. Lórí àwọn Roland kan, ẹ wá USB Driver nínú ètò dùùrù kí ẹ yí i sí Generic.

*Ohùn ń pẹ́ kó tó jáde lórí Android.* Tábúlẹ́ẹ̀tì àtijọ́ ló sábà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Láti Android 8.0 tó jáde ní 2017 ni ọ̀nà tó yá fún ohùn ti wà fún àwọn tó ń ṣe áàpù. Bí tiyín bá ti pẹ́, ẹ fi sílẹ̀ fún kíka nóòtì, kí dùùrù fúnra rẹ̀ máa dún.

Fún ẹni tó ń tẹ orin ilẹ̀ wa

Akin Euba, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1935 tó sì kú ní 2020, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti fi hàn pé dùùrù lè sọ èdè ìlù ilẹ̀ Áfíríkà. Ọ̀nà tó là sílẹ̀ yìí gba kí ọwọ́ méjèèjì máa lu ìlù ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, iṣẹ́ tó le fún akẹ́kọ̀ọ́. Tábúlẹ́ẹ̀tì lè ràn án lọ́wọ́. Ẹ fi ọwọ́ òsì tẹ ìlù agogo kónkóló, èyí tó ń yí po lórí ìdá 12, kí ẹ gbà á sílẹ̀ nínú áàpù, kí ẹ sì jẹ́ kó máa tún ara rẹ̀ ṣe. Ẹ mú un falẹ̀. Ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ ìlù kejì lé e lórí, kí ẹ máa mú un yá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ọ̀tún bá ti dúró dáadáa, ẹ pa èyí tí ẹ gbà sílẹ̀, kí òsì gba iṣẹ́ rẹ̀ padà.

Kíì dùùrù kò lè fa ohùn sókè sódò bíi gángan. MIDI ní ìròyìn kan fún èyí, pitch bend, tó ní ipele 16,384. Ọ̀pọ̀ dùùrù dígítà kò ní ibi tí a ti ń yí i, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ áàpù ní in lójú tábúlẹ́ẹ̀tì. Kí ọwọ́ kan tẹ kíì, kí ìka ọwọ́ kejì máa fa ohùn.

Ìtọ́jú láàárín ọdún

*Ọ̀pẹ sí Èrèlé*: ìgbà ọyẹ́. Ẹ fi aṣọ bo dùùrù bí ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ẹ má ṣe fi ẹnu fẹ́ eruku inú ihò USB, torí itọ́ ń ba irin inú rẹ̀ jẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni kí ẹ lò.

*Ẹrẹ́nà*: ooru ń mú. Apple ní kí a máa lo iPad níbi tí ooru kò ti ju 35 °C lọ. Ẹ má fi í sílẹ̀ nínú mọ́tò.

*Igbe sí Ọ̀wàrà*: ìgbà òjò. Bí àrá bá ti ń sán, ẹ yọ dùùrù àti ṣájà kúrò lára ògiri, kí ẹ sì yọ wáyà tó so wọ́n pọ̀, nítorí ohun tó bá ba èkíní jẹ́ lè gba ibẹ̀ dé ara èkejì.

*Bélú*: ẹgbẹ́ akọrin ń múra orin Kérésì. Àsìkò yìí ni kí ẹ ṣe gbogbo àtúnṣe áàpù àti ti tábúlẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì dán ìsopọ̀ wò. Ẹ má ṣe é ní àṣálẹ́ tó ṣáájú ìsìn. Ẹ ra wáyà kejì, kí ẹ kọ ètò tí ẹ lò sórí bébà, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn dùùrù, kí ẹlòmíràn lè so ó bí ẹ kò bá sí nílé.