Ẹ Ka Ẹ̀yìn Àpò Irúgbìn: Bí A Ṣe Lè Yan Pẹ̀túníà Tí Kò Ní Dà Wá Láàmú

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí a wà ní ìpele kẹta, kíláàsì wa dá owó jọ, ₦500 lọ́wọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan. A fẹ́ tún ebè òdòdó méjèèjì tó wà níwájú ẹ̀ka wa ṣe, a sì fẹ́ gbin òdòdó sínú ike ọ̀dà mẹ́jọ, kí a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n wa kan tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tó ń gbé ní Manchester báyìí, fi irúgbìn pẹ̀túníà ránṣẹ́ sí wa. Àwòrán ara àpò irúgbìn náà ni gbogbo wa ń wò: òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́.

A fọ́n ọn ní oṣù Kẹta. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tanná ní ìparí oṣù Karùn-ún. Lọ́jọ́rú kan, òjò rọ̀ láti ìrọ̀lẹ́ di òru. Nígbà tí a dé kíláàsì aago mẹ́jọ lọ́jọ́ kejì, gbogbo òdòdó náà ti lẹ̀ mọ́ra wọn bí tíṣù tó jábọ́ sómi. Kí oṣù Kẹfà tó parí, igi rẹ̀ ti gùn gbọọrọ, kò léwé nísàlẹ̀, kò sì ní òdòdó lórí. Owó ilẹ̀dú, owó ìgbẹ́ adìẹ, gbogbo rẹ̀ wọmi.

Ní báyìí a ti di ọmọ ìpele kẹrin. Wọ́n tún ti ní kí a dá owó, àwọn kan sì ti ń sọ pé àwọn ò ní dá kọ́bọ̀ fún òdòdó tó máa kú. Èmi ni wọ́n ní kí n lọ wádìí irú èyí tí a máa gbìn. Ohun tí mo rí rèé.

Mo kọ́kọ́ wá àpò irúgbìn ọdún tó kọjá jáde. Ní ẹ̀yìn rẹ̀, ní lẹ́tà wínníwínní, ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnikẹ́ni nínú wa kò kà: Grandiflora. Ojú tì mí. Ẹni tó ti ṣe mọfólójì fún sáà méjì kò yẹ kó fo irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Grandis ní èdè Látìn túmọ̀ sí ńlá, flos sì ni òdòdó. Orúkọ náà ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Òdòdó rẹ̀ lè fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ó sì fẹ́lẹ́. Ohun tó fẹ̀ tó tún fẹ́lẹ́ ló ń gba omi òjò dúró, òun náà ló ń tètè ya.

Orúkọ mìíràn tí ẹ máa rí ni Multiflora. Multus ni púpọ̀. Òdòdó tirẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń pọ̀ lórí igi kan, tí òjò bá sì lù wọ́n, wọn kì í pẹ́ gbérí padà. Milliflora náà wà, láti ara mille, ìyẹn ẹgbẹ̀rún. Òdòdó rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ tóbi ju ìdérí ìgò mínírà lọ. Ìkòkò kékeré ojú fèrèsé ló yẹ ẹ́. Tí ẹ bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òjò kì í dé, ẹ gbin Grandiflora, ẹwà rẹ̀ pọ̀. Tó bá jẹ́ gbangba ìta ni, ẹ fi í sílẹ̀.

Orúkọ pẹ̀túníà gan-an ní ìtàn tó yẹ ẹ̀ka wa. Òdòdó ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni. Inú ẹbí èdè Tupi-Guarani ni àwọn Faransé ti yá ọ̀rọ̀ pétun, tí wọ́n fi ń pe tábà. Ní 1803, Jussieu, onímọ̀ ewéko ará Faransé, sọ ọ̀rọ̀ àyálò yẹn di Petunia, nítorí pé ìbátan tábà ni òdòdó náà. Ẹbí kan náà ni òun, tábà, ata, tòmátì àti ikàn. Ìtàn yìí wúlò fún ẹni tó fẹ́ gbìn ín, torí pé àìsàn tó ń mú tábà àti tòmátì lè mú òun náà. Èyí tí wọ́n ń pè ní tobacco mosaic virus wà lára wọn, ọwọ́ ẹni tó ń mu sìgá sì lè gbé e dé ibẹ̀. Ibi tí ata tàbí tòmátì ti ń ṣàìsàn, ẹ má gbìn ín síbẹ̀. Ẹni tó bá sì mu sìgá, kó fọ ọwọ́ rẹ̀ kó tó kàn án.

Iṣẹ́ tó máa ń sú èèyàn jù lórí òdòdó yìí ni jíjá èyí tó ti rọ. Ohun tí igi ń wá ni kó so. Tí òdòdó kan bá ti ń di èso, agbára igi á lọ síbẹ̀, òdòdó tuntun á wá dín kù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní kí á máa já a. Lọ́dún tó kọjá, àwa náà já a, ṣùgbọ́n ewé òdòdó tó rọ nìkan ni à ń fà yọ. A ń fi kókó kékeré aláwọ̀ ewé tó wà nídìí rẹ̀ sílẹ̀. Kókó yẹn gan-an ni èso! A kàn ń gé irun fún ẹni tí orí ń fọ́ ni. Àti pé, ká tiẹ̀ ní a mọ̀ ọ́n já: igi ogójì, òdòdó mẹ́wàá lórí igi kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa já irinwó kókó ní ọ̀sẹ̀ ìdánwò?

Ibi tí àwọn tó ń nà lórí ilẹ̀ ti wúlò nìyí. Wave ni òkìkí rẹ̀ kàn jù. Ọ̀dọ̀ Kirin, ilé iṣẹ́ bíà ní Japan, ló ti jáde, èyí tó jẹ́ aláwọ̀ àlùkò nínú rẹ̀ sì gba àmì ẹ̀yẹ All-America Selections ní 1995. Surfinia náà, ọ̀dọ̀ Suntory ló ti wá, ọlọ́tí ni àwọn náà ní Japan. (Ọlọ́tí méjì ló wá yọ wá lọ́wọ́ òdòdó jíjá. Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn.) Wave kì í fi bẹ́ẹ̀ ga ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ṣùgbọ́n igi kan lè nà tó nǹkan bíi mítà kan. Ẹ kò ní já òdòdó rẹ̀: èyí tó rọ á gbẹ, ẹ̀ka tuntun á gorí rẹ̀, òmíràn á là. Ebè tí igi ogójì kún lọ́dún tó kọjá, igi mẹ́wàá lè bò ó, tí a bá fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 50 sáàárín wọn.

Irúgbìn Wave wà, nítorí náà ó ṣeé fi ránṣẹ́. Ẹ̀ka ni wọ́n ń gé gbin Surfinia àti Supertunia. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó wà ní Ìlú Ọba àti Amẹ́ríkà lè ra èyí tó ti hù lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó. Kí ẹ ṣáà má gbé e síta kí òtútù tó ń di yìnyín lóru tó lọ tán. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìlú Ọba, ìyẹn di ìparí oṣù Karùn-ún.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: Wave a máa jẹun. Igi tó ń nà, tó sì ń tanná láìdúró, omi lásán ò lè tó o. Nínú ike, ó fẹ́ ajílẹ̀ olómi lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, ó sì lè fẹ́ omi lójoojúmọ́ tí oòrùn bá mú. Nínú ebè, gbòǹgbò rẹ̀ ráyè wá omi lọ.

Èyí ni mò ń rò lọ́kàn tí mo fi lọ bá Bàbá tó ń tọ́jú ọgbà. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, fúláwà wo ni kò ní dà wá láàmú?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, ike mélòó lẹ ní?"

"Mẹ́jọ, sà."

"Ta ló máa bomi rin ín tí ẹ bá lọ fún Kérésìmesì?"

Mi ò rí nǹkan sọ. Wọ́n ní kí á jẹ́ kó jẹ́ mẹ́ta, kí á gbé e sẹ́bàá ẹ̀rọ omi tí wọ́n ti ń pọnmi, kí á gbin ìyókù sílẹ̀. Mo ti ka oríṣiríṣi nǹkan lórí ẹ̀yà òdòdó, kò sì sọ́kàn mi rí pé ike mẹ́jọ yẹn ló pọ̀ jù nínú ìṣòro wa.

Ó ku ìgbà tí a máa gbìn ín. Pẹ̀túníà kò fẹ́ ooru àti ọ̀rinrin àpọ̀jù. Ní Florida àti ní ọ̀pọ̀ ibi ní Íńdíà, ìgbà tí ojú ọjọ́ bá tutù ni wọ́n ń gbìn ín. Lọ́dọ̀ tiwa, ìgbà ọyẹ́ ló sún mọ́ ọn jù. Ó ń gbà tó ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá láti ìgbà tí a bá fọ́n ọn kó tó tanná, nítorí náà ìparí oṣù Kẹsàn-án ni kí á fọ́n ọn, lábẹ́ òrùlé, kí òjò má bàa gbá a lọ. Irúgbìn rẹ̀ dà bí eruku. Ẹ má fi ilẹ̀ bò ó, ó fẹ́ rí ìmọ́lẹ̀ kó tó hù. (Lọ́dún tó kọjá, a fi ìka tẹ̀ ẹ́ wọlẹ̀ bí àgbàdo. Ọ̀pọ̀ ni kò hù.) Ẹ fọ́n ọn sórí ilẹ̀ tó rin, ẹ fi ọ̀rá tó mọ́ gaara bo ojú àwo náà, láàárín ọjọ́ 7 sí 14 á yọrí. Tí ẹ bá lọ̀ ọ́ sí ìta, ibi tó ń rí oòrùn tó wákàtí mẹ́fà lóòjọ́ ni kó wà. Ike náà gbọ́dọ̀ ní ihò nísàlẹ̀. Tí igi bá gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ gé ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ kúrò, á tún hu ẹ̀ka.

Ohun tí mo gbé síwájú kíláàsì ni pé kí á gbin Wave sínú ebè méjèèjì, igi márùn-ún márùn-ún, kí á gbin Multiflora sínú ike mẹ́ta, kí á sì dá ike márùn-ún yòókù padà fún ẹni tó yá wa. Bàbá ti gbà láti máa bomi rin àwọn ike. Ẹnì kan tó ń gbé nítòsí ni a ń wá báyìí, tí á máa bomi rin ebè lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ títí a ó fi wọlé padà ní oṣù Kìíní. Tó bá jẹ́ ìwọ ni, fi orúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ olórí kíláàsì kí oṣù Kẹsàn-án tó parí.