Àárẹ̀ Iṣan Tí Kì í Dúró Sójú Kan: Ohun Tí Ó Yẹ Kí A Mọ̀ Nípa Myasthenia Gravis

Ènìyàn lè jí ní òwúrọ̀, kí ó gbálẹ̀, kí ó sì pọnmi láìsí wàhálà, ṣùgbọ́n kí ìpéǹpéjú rẹ̀ má lè gbéra mọ́ nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Bí ó bá sùn, agbára rẹ̀ a tún padà. Àwọn ará ilé a ní ọ̀lẹ ni, tàbí pé ó ń díbọ́n. Àwọn mìíràn a fi sùn ayé. A fẹ́ kí gbogbo ará ìlú mọ̀ pé àìsàn gidi kan wà tí ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Myasthenia gravis ni orúkọ rẹ̀, àyídà yìí gan-an sì ni àmì rẹ̀.

Ohun tí ó ń fà á

Bí a bá fẹ́ gbé ọwọ́, ọpọlọ a ránṣẹ́ sí iṣan. Kẹ́míkà kan tí à ń pè ní acetylcholine ni ó ń jíṣẹ́ náà fún iṣan. Nínú àìsàn yìí, àwọn èròjà tí ara fi ń bá àrùn jà a ṣìnà, wọn a sì máa dí ibi tí iṣan ti ń gba iṣẹ́ náà, tàbí kí wọ́n bà á jẹ́. Nítorí náà, bí a ti ń lo iṣan tó ni ó ń rẹ̀ tó. Àìsàn náà kì í ràn. Ó lè ṣe ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó wọ́pọ̀ jù lára àwọn obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún àti àwọn ọkùnrin tí ó ti lé ní ọgọ́ta.

Bí ó ṣe ń farahàn

Ojú ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ mú: ìpéǹpéjú a wálẹ̀, ènìyàn a sì máa rí ohun kan ní méjì. Òkèlè àkọ́kọ́ lè lọ wẹ́rẹ́, kí ti ìkẹyìn há sí ọ̀fun. Ohùn lè bẹ̀rẹ̀ dáadáa, kí ó sì máa gba imú jáde bí ọ̀rọ̀ bá ti gùn. Apá lè má lè dirun tán.

Nítorí pé ara lè dá ṣáṣá lọ́jọ́ tí a bá rí dókítà, ẹ kọ àkókò tí àárẹ̀ ń dé sílẹ̀, kí ẹ sì fi fóònù ya àwòrán ojú náà ní ìrọ̀lẹ́.

Ìtọ́jú àti ìṣọ́ra

Oògùn pyridostigmine kì í jẹ́ kí acetylcholine tètè tán, ṣùgbọ́n bí a bá lò ó ní àlòjù, òun náà lè fa àárẹ̀. Àwọn oògùn mìíràn wà tí ń pẹ̀tù sí ìjà òdì tí ara ń bá ara rẹ̀ jà. Fún àwọn kan, iṣẹ́ abẹ a yọ ẹṣẹ́ thymus tí ó wà lẹ́yìn egungun àyà.

Ooru, ibà, àìsùn àti ìdààmú ọkàn a máa dá kún àárẹ̀ náà. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn oògùn kan tí à ń rà láìgba ìmọ̀ràn: chloroquine, quinine, ciprofloxacin àti gentamicin. Nítorí náà, kí aláìsàn sọ orúkọ àìsàn rẹ̀ fún gbogbo òṣìṣẹ́ ìlera àti olóògùn kí ó tó gba oògùn kankan. Kí ó má sì dá oògùn tí dókítà fún un dúró fúnra rẹ̀.

Iṣẹ́ tí ó le ni kí ó ṣe nígbà tí agbára bá wà; kí ó sinmi kí àárẹ̀ tó borí rẹ̀.

Àmì ewu

Bí èémí bá ń ṣòro, tí aláìsàn kò lè gbé itọ́ mì, tàbí tí kò lè sọ gbólóhùn kan parí láìmí hẹlẹ, ẹ má dúró de ilẹ̀ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, nítorí iṣan tí a fi ń mí ni àìsàn náà ti kàn.

A rọ ẹ̀yin ẹbí, olùkọ́ àti agbanisíṣẹ́: bí ẹnìkan bá ní òun kò lè ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ohun tí òun ṣe ní òwúrọ̀, ẹ gbà á gbọ́, kí ẹ sì bá a dé ilé ìwòsàn.