Sẹ̀gilọlá ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ: Obìnrin tí Èkó ń káàánú, àṣé kò sí láyé rí!

Ní ọdún 1929, lẹ́tà obìnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ni gbogbo ẹni tó ń kà á bá tẹ́tí léko. Sẹ̀gilọlá Ẹlẹ́yinjú Ẹgẹ́ lobìnrin náà pe ara rẹ̀. Ó ní ẹlẹ́gbẹ̀rún ọkọ lòun, ó sì ní kí wọ́n má wulẹ̀ wá orúkọ òun gan-an, nítorí àwọn ẹbí òun.

Ọ̀rọ̀ tí ìyá yìí ń tú sílẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọmọdé. Nígbà tí ẹwà wà lára rẹ̀, ọkùnrin ló ń wọ́ tọ̀ ọ́, owó wọn ló ń ná, bó ti ń tan tòní ló ń tan tọ̀la. Kódà, ó tan ọkọ tó fẹ́ ẹ sílé. Ṣùgbọ́n lásìkò tó ń kọ lẹ́tà, àìsàn ti dá a gúnlẹ̀, ẹwà ti ṣí, owó ti tán, àwọn ọkùnrin ọjọ́un ò sì yojú mọ́. Ó ní kí àwọn ọmọge fi òun ṣàríkọ́gbọ́n.

Ohun tó jẹ́ kọ́rọ̀ náà wọ àwọn èèyàn lára ni pé àdúgbò tí wọ́n mọ̀ ló ń dárúkọ, orin àtijọ́ tí wọ́n ti ń gbàgbé ló sì ń rán wọn létí. Èkó tó ń lọ ló ń rò fún wọn. Bí àwọn kan ṣe ń kọ lẹ́tà bá a kẹ́dùn, bẹ́ẹ̀ lẹni tó tiẹ̀ fowó ránṣẹ́ sí i wà níbẹ̀.

Àṣé kò síbi tí Sẹ̀gilọlá wà! Isaac B. Thomas, olóòtú Akéde Èkó, ẹni tó dá ìwé ìròyìn náà sílẹ̀ ní 1928, ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ gbogbo ẹ̀. Nígbà tí lẹ́tà náà parí ní 1930, ó kó wọn jọ di ìwé lọ́dún náà. Àwọn onímọ̀ kan sọ pé òun ni ìwé ìtàn-àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́, ó sì ṣáájú ìwé Ògbójú Ọdẹ tí Fágúnwà gbé jáde ní 1938. Karin Barber, ọ̀jọ̀gbọ́n ará ìlú Ọba, tún un gbé jáde ní 2012, pẹ̀lú ìtumọ̀ sí èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ẹni tí kò sí rí àánú gbà. Àwọn tó wà gan-an ńkọ́?

Ní 1941, òfin ni ìjọba òyìnbó fi gbá wọn mú l'Ékòó: wọ́n de àwọn tó ń mú sójà àti atukọ̀ lọ sọ́dọ̀ aṣẹ́wó láìgba ìwé àṣẹ. Nígbà tó sì di oṣù kẹjọ ọdún 2012, ọdún tí ìwé Sẹ̀gilọlá tún jáde yẹn gan-an, òkun ya wọ etíkun Kúrámọ̀ ní Victoria Island, níbi tí ọtí àti òwò nàbì ti ń lọ ní pẹrẹu lóru. Omi gbé èèyàn lọ. Kò pẹ́ sígbà náà nìjọba lé àwọn tó kù, tí wọ́n wó ilé pákó wọn.

Ẹni tó bá wọ mọ́tò láti Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́ lọ sí Èkó lónìí, kò ní bá ọjà alẹ́ yẹn níbẹ̀ mọ́. Àwọn obìnrin ibẹ̀ ti fọ́n ká, kálukú pẹ̀lú ìtàn tirẹ̀ nínú. Èyí tó bá sì wà lórí àìsàn nínú wọn báyìí, tí owó oògùn ń dà láàmú, kò ní olóòtú kankan tí yóò bá a gbé lẹ́tà jáde. Bí irú wọn bá sì wà ládùúgbò yín, ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ṣé àánú Sẹ̀gilọlá lẹ máa ṣe é ni, àbí èébú lẹ máa fi lé e lọ?